Lẹ́tà Tí A Kò Fi Ránṣẹ́ sí Akínwùmí Ìṣọ̀lá

Aṣọ là ń fọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìròyìn náà dé. Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 2018. Omi ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ó ti dá ni, gbogbo họ́sítẹ̀lì ló sì ti gbé garawa jáde. Ọ̀kan nínú wa nu ọwọ́ ọlọ́ṣẹ sí ara ṣòkòtò rẹ̀, ó wo fóònù, ó sì dákẹ́. A bi í pé kí ló dé. Kò dáhùn, ó kàn na fóònù sí wa. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ kò kọ ju ìlà kan lọ, pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti lọ.

Ohun tí a kọ́kọ́ sọ ni pé irọ́ ni. Ẹ má dá wa lẹ́bi. Ta ni WhatsApp ò tíì pa rí ní orílẹ̀-èdè yìí? Ó ti pa òṣèré, ó ti pa olóṣèlú, ó sì tún jí wọn dìde kí ilẹ̀ tó ṣú. A jókòó ti garawa wa, à ń retí ẹni tí yóò wá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn ti gbé e, pé Ìbàdàn ni bàbá ti jáde láyé, lẹ́ni ọdún 78. A padà sídìí aṣọ. Ọṣẹ ti gbẹ mọ́ ọn.

Bí èèyàn ẹni bá kú, a mọ ohun tí à ń ṣe. A ó lọ sílé olóògbé, a ó kí àwọn ọmọ rẹ̀ pé ẹ kú ará fẹ́ra kù, wọn á fún wa ní ìjókòó, a ó jókòó díẹ̀, a ó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n bàbá tí a ò rí rí, tí àwọn náà ò mọ̀ pé a wà láyé, ilé ta la fẹ́ lọ jókòó sí? Ọmọkùnrin tó wà ní yàrá kejì gbọ́ ohùn wa, ó yọjú.

“Ṣé bàbá yín ni?”

A ní rárá.

“Ṣé olùkọ́ yín ni?”

A ní rárá.

“Kí lẹ wá ń sunkún sí?”

A ò rí èsì fún un lọ́jọ́ yẹn. Bóyá ohun tí a ń kọ yìí ni èsì náà.

Mẹ́fà ni wá, ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin mẹ́ta. Ẹnì kan péré nínú wa ló ń kọ́ èdè Yorùbá. Ẹnì kan ń kọ́ òfin, ẹnì kan ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹnì kan wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó, àwọn méjì tó kù ń bá ìmọ̀ ẹ̀rọ jà. A ò bá má mọ ara wa bí kì í bá ṣe ti ìwé kan tí ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wa rà ní igba náírà lọ́wọ́ onísọ̀ ìwé àlòkù nínú gáréèjì, nígbà tí mọ́tò ò tíì kún. Ìwé náà kò ní èèpo ẹ̀yìn. Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn náà sì ti lọ, bóyá méjì, bóyá mẹ́ta. Nígbà tó bi onísọ̀ ìwé pé níbo ni ìyókù wà, ọkùnrin náà nawọ́ sí ìyá alẹ́pà tó jókòó tì í. Láti ọjọ́ yẹn la ti máa ń sọ pé àwọn tó jẹ ẹ̀pà nínú gáréèjì náà ló mọ bí ìtàn Àjàní ṣe parí.

Ó Le Kú ni ìwé náà, èyí tó jáde ní 1974. Ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nínú mọ́tò, ó ń dá rẹ́rìn-ín, àwọn èrò ń wò ó. Nígbà tó dé họ́sítẹ̀lì, kò sí iná, ló bá ń kà á sókè fún ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ẹni yẹn pe ẹnì kan wá. Bí a ṣe di mẹ́fà nìyẹn. A máa ń pàdé níbi àtẹ̀gùn tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé, a ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, a ó po gáàrì, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù á sì kàwé. Ọmọ Ọ̀yọ́ wa ló sábà máa ń kà á. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, ọmọ Èkìtì wa á gbà á, nígbà náà ni Àjàní á di ọmọ Èkìtì lójijì, tí a ó sì rẹ́rìn-ín títí gáàrì á fi wú kọjá omi.

Kẹ́nikẹ́ni má gbọ́ ọ lẹ́nu wa pé Fágúnwà ò dára. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama la ti mọ Ògbójú Ọdẹ, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wá owó oúnjẹ dé ìparí oṣù nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù ìdánwò àṣekágbá níbẹ̀. Àwa ti gbà lọ́kàn wa, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún wa, pé bí ìtàn bá ti jẹ́ ti ọdẹ, ti ìwin, ti ọba àti ti ogun, Yorùbá ni a fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan ọmọ yunifásítì tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ nítorí ọmọbìnrin, ó di Gẹ̀ẹ́sì. Àní nígbà tí àwa fúnra wa bá fẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, Gẹ̀ẹ́sì là ń sá tọ̀. Ó máa ń ṣe wá bíi pé bí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ á le jù, bí ìgbà tí ìdílé méjì ti jókòó.

Àjàní wá dé. Yunifásítì Ìbàdàn ló wà, ó ń ṣe àṣekágbá, wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu nílé pé kó mú ìyàwó wá, ọmọbìnrin mẹ́ta sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà: Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ó ń sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ń tan ara rẹ̀ jẹ bí a ṣe ń tan ara wa jẹ. Àríyànjiyàn tí a ṣe lórí Àjàní yẹn, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti wá lé wa kúrò lórí àtẹ̀gùn nítorí rẹ̀ rí. Àwọn ọkùnrin inú wa ní Àjàní ò mọ ohun tó ń ṣe ni. Àwọn obìnrin ní ó mọ̀ ọ́n dájú. Títí di òní a ò tíì parí rẹ̀, ẹni tó sì ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í bá ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wa sọ̀rọ̀ dáadáa bí wọ́n bá ti dárúkọ Àṣàkẹ́.

Ìgbà tí a wá ń wá ìtàn ẹni tó kọ ọ́ kiri la rí i pé a ti mọ bàbá yìí tipẹ́ láìmọ̀ wọ́n. Ta ni ò wo Saworoidẹ nílé? Ta ni ò mọ Lápitẹ́, ọba Jogbo tó kọ̀ tí kò gba gbẹ́rẹ́ orí oyè? 1999 ni Túndé Kèlání gbé fíìmù náà jáde, àwọn kan nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rápálá nílẹ̀ nígbà yẹn, síbẹ̀ a mọ orin inú rẹ̀ lórí. Ọwọ́ bàbá ni ìtàn náà ti wá, bẹ́ẹ̀ náà ni Agogo Èèwọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Aṣọ ńkọ́? Èyí ló pa wá lẹ́rìn-ín jù. Lẹ́yìn tí Kèlání fi Ó Le Kú ṣe fíìmù ní 1997, ìró kúkúrú àti bùbá ọlọ́wọ́ fífẹ̀ tí àwọn ọmọbìnrin inú rẹ̀ wọ̀ gba ìgboro, orúkọ ìwé náà sì di orúkọ aṣọ. Ọ̀pọ̀ télọ̀ ló ti rán ó-le-kú tí kò mọ̀ pé ìwé ni. Ọ̀kan nínú wa pe ìyá rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn láti sọ fún wọn pé ẹni tó kọ Ó Le Kú ti kú. Màmá ní, “Aṣọ yẹn? Mo ṣì ní tèmi.” Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, “Èmi ni mo wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí a sọ ẹ́ lórúkọ.” Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Màmá dúró síbẹ̀ nínú ìró tó dé orúnkún, wọ́n gbé ọmọ ọwọ́, wọ́n ń wo kámẹ́rà bí ẹni tó mọ̀ pé òun rẹwà.

Bàbá kò kọ́ Yorùbá ní yunifásítì ní ìbẹ̀rẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n kà n'Ìbàdàn. Ọmọ Lábọ́dẹ, abúlé kan lágbègbè Ìbàdàn, tó lọ kọ́ èdè Faransé, tó wá padà wá fi Yorùbá kọ̀wé, tó lọ gba oyè kejì nínú lítírésọ̀ Yorùbá ní Yunifásítì Èkó, tó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n n'Ifẹ̀ ní 1991. Ìgbà tí wọ́n ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni wọ́n kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà. A ka ìlà yẹn, a sì wo ara wa. Ẹni tó ń kọ́ òfin ní kí ló wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwa ná? Nǹkan tó wà níbẹ̀ ni gbèsè ìyá onírẹsì.

A ò tilẹ̀ gba gbogbo ohun tí wọ́n kọ. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, torí pé àṣà wa ni kí òkú di áńgẹ́lì kí wọ́n tó gbé e dé itẹ́. Ẹni tó ń kọ́ òfin nínú wa bá bàbá jà lórí Ẹfúnṣetán ju bí ó ti bá ẹnikẹ́ni nínú wa jà lọ. Nínú eré náà, obìnrin ọlọ́rọ̀ yìí kò fẹ́ kí ẹrú rẹ̀ kankan lóyún nítorí pé ọmọ tirẹ̀ kú, ó sì ní kí wọ́n pa Adétutù tó lóyún. Ìkà gidi ni. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò wa ní, ẹ wò ó, Ìyálóde Ìbàdàn ni obìnrin yẹn, ó lówó, ó lẹ́rú, ó ń fún àwọn jagunjagun ní ohun ìjà láwìn, Ààrẹ Látòósà ló gbìmọ̀ ikú rẹ̀ ní 1874. Àwọn ọkùnrin tó pa á ni ìtàn wà lọ́wọ́ wọn. Kí ló dé tí eré fi ní láti gbè sẹ́yìn wọn? Ó ní òun gba ìdí ère Ẹfúnṣetán tó wà ní Challenge n'Ìbàdàn kọjá, òun sì bẹ̀ ẹ́. A ní bẹ̀ ẹ́ ṣe kí ni? Ó ní òun ò mọ̀, òun ṣáà bẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè yẹn ló bí lẹ́tà náà. Ó ní òun fẹ́ bi bàbá fúnra wọn. Oṣù kẹwàá ọdún 2017 la bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn ojú ìwé tó ya egungun ọwọ́ sí. Ìbéèrè mẹ́ta la fẹ́ béèrè. Èkíní, báwo ni Ó Le Kú ṣe parí? A ti wo fíìmù náà, ṣùgbọ́n a ò gbà pé fíìmù ni ìwé. A mọ̀ pé a lè lọ ra òmíràn tó pé. Ó ṣáà wù wá kí ẹni tó kọ ọ́ sọ ọ́ fún wa. Èkejì, ọ̀rọ̀ Ẹfúnṣetán. Ẹ̀kẹta, kí ló dé tí ẹni tó gbọ́ Faransé tó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀ fi yan Yorùbá, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fi ìbọn sí i létí?

Bí a bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà náà ì bá dé Ìbàdàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n a ní ìtìjú ni. Ṣé Akínwùmí Ìṣọ̀lá la fẹ́ kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sí? Bàbá tó mú eré Wọlé Ṣóyínká tó sì sọ ọ́ di Ikú Olókùn-Ẹṣin, tó tún mú ìwé Aké tó sì jẹ́ kó sọ Yorùbá? Ó di dandan kó jẹ́ Yorùbá. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. A ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ di alẹ́, a ń fi í ná ọjà, a ń fi í bú ara wa, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé kálàmù, ọwọ́ wa dúró. Ẹnì kan kọ “pẹ̀lú ọ̀wọ̀” láìfi àmì kankan sí i lórí tàbí nísàlẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ Yorùbá nínú wa ní bí ó bá dé ọwọ́ bàbá bẹ́ẹ̀, wọ́n lè rò pé ìgbálẹ̀ la fi ń kí wọn. A rẹ́rìn-ín, a pa á rẹ́, a tún kọ ọ́, ó tún fi lẹ́ẹ̀dì pupa sàmì sí ibi mọ́kàndínlógún. Mọ́kàndínlógún nínú ojú ìwé kan! Ojú tì wá. A pa ìwé dé, a ní ó di lẹ́yìn ìdánwò.

Lẹ́yìn ìdánwò, ẹnì kan rántí pé ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ni wọ́n bí bàbá, ní 1939. A ní ká fi lẹ́tà náà ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí, ká tilẹ̀ gbé e lọ fúnra wa. Wákàtí méjì péré ni mọ́tò ń rìn láti ọ̀dọ̀ wa dé Ìbàdàn. Kérésì dé, oníkálùkù gba ilé lọ. A ní ó di January. January dé, owó ò sí. Àwa tí a ń rí owó ra káàdì ìpè lójoojúmọ́ la sọ pé a ò rówó ọkọ̀. Bí a bá sọ pé owó ni, a purọ́. Ìtìjú àmì ohùn ni. Ẹ̀rù ń bà wá pé ẹni tí a fẹ́ràn ìwé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ yóò ka Yorùbá wa, yóò sì mọ irú ẹni tí a jẹ́. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rín lásán ni wọn ì bá rín. Àwọn tó mọ̀ wọ́n, tí wọ́n ń pè wọ́n ní Honest Man, gbogbo wọn ló ń sọ pé aláwàdà ni wọ́n.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà a pàdé níbi àtẹ̀gùn wa. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé. Ẹni tó ń kọ́ Yorùbá mú Ogún Ọmọdé tirẹ̀ wá, ìwé ìgbà èwe, ti abúlé àti oko àti ọmọ ilé ìwé, a sì kà á títí. A ò kígbe erin wó. A ti kà á tó lórí Facebook láti ọ̀sán, pé erin wó, pé àjànàkú sùn bí òkè, títí erin náà fi sú wa. A kàn ń ka ìwé. Nígbà tó yá, iná dé, gbogbo họ́sítẹ̀lì pariwo NEPA bí ìṣe wọn. Nínú wa, kò sẹ́ni tó bá wọn pariwo. Ọmọ Ọ̀yọ́ wa ń kà á lọ.

Àkọlé ìwé yẹn, gbogbo wa la mọ òwe tó ti wá, pé ogún ọmọdé kì í ṣeré gbógún ọdún. A ti pa á fún ara wa rí gẹ́gẹ́ bí àwàdà, nígbà tí ẹnì kan bá kó owó àjọ gáàrì jẹ. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú wa ló ń ṣe àṣekágbá lọ́dún yìí. Ìsìnrú ìlú ń dúró dè wọ́n, a ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé wọn lọ, bóyá Ṣókótó, bóyá Cross River. Ọmọ Ọ̀yọ́ wa wà lára wọn. Nígbà tó ka orí kan tán, ó ṣí ìwé náà dé èèpo ẹ̀yìn, ó wo orúkọ rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń kọ́ ìṣirò owó ti bú sẹ́kún, ẹni tí a rò pé kì í sunkún. A ò mọ èyí tó ń sun nínú méjèèjì, a ò sì bi í.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, agbẹjọ́rò wa lọ sí Ìbàdàn fún ọ̀ràn tirẹ̀. Ó padà dé pẹ̀lú Ó Le Kú tuntun, èyí tó pé. A gbé e kalẹ̀ síbi àtẹ̀gùn, a ò fọwọ́ kàn án fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ọmọ Ọ̀yọ́ ṣí i sí ibi tí ìwé tiwa ti já, ó sì ka ìyókù. A ò ní sọ ọ́ fún ẹni tí kò tíì kà á. Nígbà tó tán, ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dìde, ó lọ dúró lọ́tọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n jọ ń jà lórí Àṣàkẹ́ lọ bá a níbẹ̀.

A wá mú lẹ́tà náà jáde. A ṣe é dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àmì kọ̀ọ̀kan. Ó gbà wá ní alẹ́ méjì. Lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.” Ẹnì kan béèrè bóyá ó ṣì yẹ ká fi “ẹ kú” síbẹ̀. A jiyàn lórí ìyẹn náà. A fi í síbẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ Yorùbá gbé lẹ́ẹ̀dì pupa rẹ̀, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, àṣìṣe méjì ló rí. Ó wá fa ìlà gba orí ìbéèrè kìíní kọjá, nítorí a ti mọ èsì rẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù.